Eruku òkúta, amọ̀ tí wọ́n hú dànù àti àfọ́kù bíríkì: báwo la ṣe ń sọ wọ́n di ilẹ̀ ọlọ́ràá?

Aṣọ̀gbìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Òkìtì mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ lò dípò kí wọ́n kó o dànù. Àkọ́kọ́ ni eruku òkúta gíránáìtì, èyí tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá fọ́ òkúta tán. Ìkejì ni amọ̀ pupa tí wọ́n hú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ìkẹta ni àfọ́kù bíríkì àti kọnkéré. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ibẹ̀ le gbagidi, torí wọ́n ti ha òkè rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì ewébẹ̀ la fẹ́, mítà 5 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, kí ó jìn tó sẹ̀ntímítà 25. Ṣé a lè da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ kí á sì gbìn? Ìwọ̀n wo la máa lò?

Ọ̀gá Amọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ohunkóhun pọ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé ajílẹ̀ làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré wá. Òkìtì tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó sọ irú ajílẹ̀ tí ẹ máa lò àti bí yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wo ilẹ̀ tó dára. Nínú ìdá 100, nǹkan bí 45 ni yanrìn, iyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú àti amọ̀. Nǹkan bí 25 jẹ́ omi, 25 jẹ́ afẹ́fẹ́, ohun tó ti jẹrà sì jẹ́ bíi 5. Òkìtì yín ní yanrìn, ó ní amọ̀. Ihò tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbé ni kò ní, kò sì ní ohun tó jẹrà. Iṣẹ́ wa ni kí á dá ihò yẹn sílẹ̀, kí á sì rí i pé kò tún padà dí.

Kí ẹ tó wọn nǹkan kan, ẹ bu òkìtì kọ̀ọ̀kan sínú ìgò funfun tó ṣe é rí inú rẹ̀, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà. Ẹ bomi kún un, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá ti rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ni yanrìn, ẹ fàlà sí i lára ìgò. Ohun tó rọ̀ lé e títí wákàtí méjì ni lẹ́búlẹ́bú. Amọ̀ ló máa ń pẹ́ jù, ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì kí omi tó mọ́. Ibi tí a ń lọ ni kí àdàpọ̀ wa ní yanrìn bíi 50 sí 70 nínú 100, kí amọ̀ jẹ́ 10 sí 20, kí lẹ́búlẹ́bú gba ìyókù.

Ẹ máa rí i pé eruku gíránáìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní amọ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kì pọ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá tí òjò bá rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́búlẹ́bú ń kún àárín yanrìn, kò sì sí ohun tó ń so wọ́n pọ̀ di hóró. Amọ̀ pupa yín ní òdìkejì ìṣòro náà. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn.

Ìwọ̀n tó máa ń ṣiṣẹ́ rèé, ẹ fi garawa lítà 20 wọ̀n ọ́n: eruku òkúta garawa 25, amọ̀ garawa 10, kọ́ńpọ́ọ̀sì (ajílẹ̀ ewé àti ìgbẹ́ tó jẹrà) tó ti jinná garawa 15. Bẹ́ẹ̀dì yín gba mítà oníhà-mẹ́ta 2.5, ìyẹn garawa 125. Ṣùgbọ́n garawa 125 kò ní kún un, torí ohun tó kúnná máa ń wọ àárín ohun tó tóbi, gbogbo rẹ̀ á sì tún rẹlẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ pèsè garawa 160: òkúta 80, amọ̀ 32, kọ́ńpọ́ọ̀sì 48. Bí ìgò yín bá fi hàn pé amọ̀ pupa náà ti ní yanrìn púpọ̀ nínú, ẹ fi garawa bíi mẹ́wàá kún amọ̀, kí ẹ sì yọ iye kan náà kúrò nínú òkúta.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ gba sùúrù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, àkókò ti tó. Tó bá fà lábẹ́ ìka bí ọṣẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí tápólì kó gbẹ sí i, torí tí ẹ bá pò ó ní tútù, á di kókó-kókó, kókó yẹn á sì di bíríkì nínú bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti gbẹ kanrangandan tó ń dún bí òkúta, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó mọ́jú. Amọ̀ àti kọ́ńpọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ pò, kí kọ́ńpọ́ọ̀sì lè lẹ̀ mọ́ ara amọ̀ kó tó pàdé òkúta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da eruku òkúta sí i, ẹ yí i ní ìgbà mẹ́ta.

Ẹ sì máa wọ́n omi sórí eruku gíránáìtì kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kàn án. Kuaatisi (quartz), èròjà òkúta kan, wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìṣeé tún ṣe. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò tó. Ìbomú N95 tàbí FFP2 ló kéré jù.

Aṣọ̀gbìn

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Wọ́n tún ní eruku òkúta fúnra rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀, pé pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú gíránáìtì. Ṣé a lè dín kọ́ńpọ́ọ̀sì kù nítorí ìyẹn?

Ọ̀gá Amọ̀

Rárá. Pòtásíọ̀mù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òkúta ló há sí, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yọ jáde láàárín ọdún púpọ̀. Ewébẹ̀ tí ẹ máa kórè lóṣù méjì kò lè dúró dè é. Òkúta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, ìyẹn basalt, ló ń tètè jẹrà ju gíránáìtì lọ, kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí náítírójìn nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ ka òkúta sí ara ilẹ̀, ẹ má kà á sí oúnjẹ.

Olùyẹ̀wò

Mo fẹ́ fi ti àyẹ̀wò kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá, torí ìgò omi kò lè sọ fún wa bóyá nǹkan olóró wà nínú òkìtì.

Ẹ kán fínígà sórí òkìtì kọ̀ọ̀kan ní gbígbẹ. Gíránáìtì kò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá hó, òkúta ẹfun tàbí sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ẹ sì máa fojú sọ́nà fún pH tó ga (pH ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó: 7 ni àárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kíkan). Láti wọn pH, ẹ da ìdá kan iyẹ̀pẹ̀ sínú ìdá méjì ààbọ̀ omi òjò, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó ti bébà ìdánwò bọ̀ ọ́. Láàárín 5.5 sí 7.5, ewébẹ̀ púpọ̀ á ṣe dáadáa. Tó bá ti kọjá 8, áyọ́ọ̀nù (irin), síǹkì àti mángánéèsì tí irúgbìn nílò ń há sínú ilẹ̀. Àmì tí ẹ máa rí ni pé ewé tuntun tó wà lókè á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan á sì wà ní tútù. Tó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, náítírójìn ló wọ́n, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pH.

Iyọ̀ náà ṣe pàtàkì, pàápàá nínú yanrìn etí òkun, eérú iléeṣẹ́ àti ìgbẹ́ adìẹ. Tí èsì yàrá àyẹ̀wò bá ju 4 dS/m lọ (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń gba inú omi ilẹ̀ kọjá, tí a fi ń mọ iyọ̀), ilẹ̀ oníyọ̀ nìyẹn. Ẹ lè fi omi fọ̀ ọ́: omi tó jìn tó 30 cm, tí ẹ ń bù sí i díẹ̀díẹ̀, máa ń lé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tó jìn tó 30 cm, bí ọ̀nà bá wà fún omi láti jáde nísàlẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀nà, iyọ̀ náà á gòkè padà tí oòrùn bá fa omi.

Fún òjé, asẹ́níìkì àti kádímíọ̀mù, ẹ má fojú wọ̀n. Ẹ bu díẹ̀ díẹ̀ láti ojú ibi 10 sí 15 lára òkìtì, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹ pò ó, kí ẹ fi ìdajì kílò ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà dín ìwọ̀n òjé tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ ilé gbígbé wò láti 400 sí 200 mílígíráàmù nínú kílò kan ní January 2024. Tí ti yín bá lé ní iye yẹn, ẹ má fi gbin oúnjẹ. Kọ́ńpọ́ọ̀sì kì í lé òjé lọ. Ó lè dì í mú kí ó má yọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n eruku tó lẹ̀ mọ́ ewé àti ọwọ́ ọmọdé ni òjé ń gbà wọ ara jù, kọ́ńpọ́ọ̀sì kò sì ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.

Asẹ́

Òkìtì kẹta kàn mí. Ẹ ya bíríkì kúrò lára kọnkéré, wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sun dára púpọ̀. Ihò kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Ẹ fọ́ ọ, ẹ fi asẹ́ oníhò 10 mm sẹ́ ẹ, ohun tó bá jábọ́ lè rọ́pò eruku òkúta garawa 16 nínú 80 yẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi òòlù gbá a kúrò kí ẹ tó fọ́ bíríkì náà, kí ẹ sì fi fínígà ti Olùyẹ̀wò dán èyí tó jábọ́ wò.

Kọnkéré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, pH rẹ̀ lè tó 12. Á sun gbòǹgbò, á sì bó ọwọ́ yín. Bí òjò àti afẹ́fẹ́ bá ti ń nà án, pH náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta ẹfun inú rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Àwọn kan á ní kí ẹ fi imí ọjọ́ sí i kí pH lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: òkúta ẹfun kílò 100 gba imí ọjọ́ kílò 32. Tí ìdá 20 nínú 100 òkìtì yín bá jẹ́ òkúta ẹfun, tọ́ọ̀nù kan máa gba imí ọjọ́ kílò 64, iyọ̀ tí ìyẹn á sì dá sílẹ̀ nìkan tó láti ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́. Nítorí náà, kọnkéré tó tóbi ju 20 mm lọ, ẹ fi ṣe ojú ọ̀nà tàbí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀ ewébẹ̀.

Ẹ sì yẹ òkìtì náà wò dáadáa kí ẹ tó fi òòlù kàn án. Tí ẹ bá rí àfọ́kù páànù àtijọ́ aláwọ̀ eérú tó ní okùn wẹ́wẹ́ létí ibi tó ti kán, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ asbestos, okùn òkúta wẹ́wẹ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá a, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó o. Bíríkì tí wọ́n kùn lọ́dà láyé àtijọ́ náà, ẹ yọ ọ́, torí òjé máa ń wà nínú ọ̀dà ìgbà yẹn.

Ìyá Ẹkòló

Ẹ ti sọ̀rọ̀ òkúta tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohun tó máa jí i.

Garawa kọ́ńpọ́ọ̀sì 48 yẹn gbọ́dọ̀ jinná. Ẹ fi díẹ̀ tó rin dáadáa sínú nylon, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá ṣí i kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń ta sánsán bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti jinná. Tó bá kan, tàbí tó bá ń ta sí imú bí ìtọ̀, ẹ dá a padà sínú ebè kọ́ńpọ́ọ̀sì kó jẹrà sí i. Tí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù sí náítírójìn ni kí ẹ máa ṣọ́, kó wà ní 25 sí 30 kábọ́ọ̀nù sí 1 náítírójìn. Ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ nǹkan bí 10, ewé gbígbẹ bíi 50, ìyẹ̀fun pákó lè lọ sí 400. Ẹni tó bá da ìyẹ̀fun pákó tútù sínú ilẹ̀ òkúta, kòkòrò àìfojúrí á gba gbogbo náítírójìn tó wà níbẹ̀ láti fi jẹ pákó náà, irúgbìn á sì pọ́n, kò ní dàgbà. Inú ebè gbọ́dọ̀ gbóná tó 55°C, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 15, kí ẹ yí i ní ìgbà márùn-ún láàárín rẹ̀, kí àrùn àti èso koríko tó kú.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹṣin. Àwọn oògùn apakoríko kan wà tí ẹran ń jẹ mọ́ koríko, tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó sì ń gba inú kọ́ńpọ́ọ̀sì kọjá láìkú. Ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́fà sínú kọ́ńpọ́ọ̀sì náà, kí ẹ gbin mẹ́fà sínú ilẹ̀ tó dájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ewé ti kọ́ńpọ́ọ̀sì bá ká bí ìkòkò, tí ọ̀mùnú rẹ̀ ń lọ́, ẹ má lò ó níbi ewébẹ̀.

Ẹnìkan lè rò pé tí garawa 48 bá dára, 90 á dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńpọ́ọ̀sì ń jẹrà lọ, bẹ́ẹ̀dì á jì wọlẹ̀ lọ́dún kan, ohun tó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì ṣàn lọ sínú omi odò. Ohun tó dára jù ni kí gbòǹgbò máa ṣe ìyókù. Ẹ̀yin ẹ fún ilẹ̀ náà ní ìgbà kan láìkórè oúnjẹ: ẹ gbin ẹ̀wà tàbí òtílí, kí ẹ da erùpẹ̀ tí ẹ bù ní ìdí ẹ̀wà tó ṣe dáadáa níbòmíràn mọ́ irúgbìn náà, nítorí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kò ní kòkòrò tó ń bá gbòǹgbò ẹ̀wà fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tu ẹyọ kan, ẹ wo kókó tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ là á. Tí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá funfun tàbí tó tutù bí ewé, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, ẹ gé e mọ́lẹ̀, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kí ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sórí. Ẹ má fi ojú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ìhòòhò, torí ẹ̀kán òjò ló ń tún lẹ́búlẹ́bú òkúta tò pọ̀ tó fi ń di pẹpẹ.

Ará Ìwakùsà

Fún àwọn tó bá ń ka èyí tí òkìtì tiwọn wá láti ibi ìwakùsà, ìlànà kan náà ni, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tó lè jáde níbẹ̀ kò kéré. Eden Project ní Cornwall, England, tí wọ́n ṣí ní 2001, wà nínú kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ funfun jáde. Kò sí ilẹ̀ rárá níbẹ̀. Wọ́n fi pàǹtí yanrìn àti amọ̀ ìwakùsà pẹ̀lú èèpo igi àti ewé jíjẹrà ṣe nǹkan bí 85,000 tọ́ọ̀nù ilẹ̀, àdàpọ̀ ti igbó olójò sì yàtọ̀ sí ti àwọn igi tó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ. Láti 2006 ni ìlànà àgbáyé fún pípín ilẹ̀ sọ́wọ̀ọ̀wọ́ ti fún irú ilẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ dá báyìí ní orúkọ tirẹ̀: Technosols.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni bóyá òkúta náà ní pyrite, èyí tó ń dán bíi góòlù. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá kàn án, ó ń di ásíìdì, pH lè já sí ìsàlẹ̀ 3, omi tó ń ṣàn jáde á sì ní àwọ̀ osùn. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé lónìí pH lè jẹ́ 7, kó di 3 lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí yàrá àyẹ̀wò bá sọ pé ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ imí ọjọ́ pyrite, tọ́ọ̀nù kan gba ìyẹ̀fun òkúta ẹfun kílò 31.25 lórí ìwé, ọ̀pọ̀ sì máa ń fi ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì sí i nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bára wọn pàdé. Níbí ni ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ń kó dànù níbòmíràn ti wúlò gidi. Pàǹtí ibi kan ló ń wo àrùn pàǹtí ibòmíràn.

Ẹrẹ̀ pupa tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ èròjà tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ̀mù jáde lára òkúta ní tirẹ̀, pH rẹ̀ máa ń kọjá 10, sódíọ̀mù sì kún inú rẹ̀. Gypsum, òkúta rírọ̀ tó ní kálísíọ̀mù, ni wọ́n fi ń lé sódíọ̀mù náà kúrò kí kọ́ńpọ́ọ̀sì tó wọlé. Iṣẹ́ àwọn tó ní ẹ̀rọ àti àṣẹ ni. Ìgbà tí odi adágún rẹ̀ já ní Ajka, Hungary, ní October 2010, àwọn èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì jóná lára.

Aṣọ̀gbìn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti ya bíríkì sọ́tọ̀. Ìbéèrè tó kù ni ti ilẹ̀ líle tó wà lábẹ́. Ṣé a kàn lè da àdàpọ̀ náà lé e lórí?

Ọ̀gá Amọ̀

Tí ẹ bá dà á lé e lórí bẹ́ẹ̀, ọpọ́n ni ẹ ṣe. Omi á dúró sísàlẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà, inú ilẹ̀ á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ fi dígà fọ́ ilẹ̀ líle náà jìn tó 20 sí 30 cm, ní ìgbà tó gbẹ díẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ jẹ́ kó là sí òkúrù-òkúrù. Ẹ da nǹkan bí 5 cm àdàpọ̀ yín sí i, ẹ pò ó mọ́ ọn kí ojú ààlà wọn má bàa hàn gedegbe, kí ẹ tó wá da ìyókù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, orí pákó ni kí ẹ máa dúró sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí òjò ńlá méjì, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó 30 cm, ẹ bomi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kejì yìí ni kí ẹ wọ̀n. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀ ní 2 sí 5 cm ní wákàtí kan, ẹ gbin ẹ̀wà Ìyá Ẹkòló. Tí kò bá tó 1 cm, ìsàlẹ̀ ṣì dí. Ẹ wá ibi tí omi ti dúró, ẹ gún un láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tún kọ́ńpọ́ọ̀sì dà sí i.

Olùyẹ̀wò

Kí ẹ tó gbin ẹ̀wà, ẹ gbin èso radish (ewébẹ̀ kan tó ń tètè hù) 20 sínú àwo àdàpọ̀ náà àti 20 sínú àwo ilẹ̀ tó dájú, ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá. Tí 18 bá hù nínú ilẹ̀ tó dájú tí 10 péré hù nínú tiyín, iyọ̀ tàbí pH ni, ẹ padà sórí àyẹ̀wò. Tí iye wọn bá sún mọ́ra, ẹ fà wọ́n tu kí ẹ wo gbòǹgbò. Kó funfun, kó sì nà tààrà. Tí ṣóńṣó orí rẹ̀ bá dúdú tàbí tó kúrú bíi pé iná jó o, kọnkéré ṣì wà nínú bíríkì yín.